Àáró Tí Wọ́n Jẹ Mí

"Kí ni wọ́n ń fi í ṣe?"

Ohun tí bàbá mi kọ́kọ́ bi mí nìyẹn lọ́jọ́ tí mo sọ fún un pé Sosiọ́lọ́jì ni yunifásítì fún mi. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá mi ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, lójú tirẹ̀, kò sí ohun tí èèyàn ń kọ́ tí kì í ní ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Ẹni tó kọ́ nọ́ọ̀sì yóò gún èèyàn lábẹ́rẹ́. Ẹni tó kọ́ òfin yóò lọ dúró nílé ẹjọ́. Mo ní ohun tí àwa ń kọ́ ni bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé pọ̀. Ó wò mí títí, ó ní, "Ṣé àwọn tó ń gbé pọ̀ ò wá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé pọ̀ ni?"

Inú bí mi. Inú tètè máa ń bí mi, àìsàn yẹn ò tíì fi mí sílẹ̀ dòní. Mo kó ẹrù mi, mo wọ ọkọ̀ dé Ìkọ̀lé, mo wọ òmíràn dé Ọ̀yẹ́, n kò sì pe bàbá mi lórí fóònù títí sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ fi parí. Ìyá mi nìkan ni mò ń pè. Bí mo bá gbọ́ ohùn bàbá lẹ́yìn rẹ̀ pé "Ta nìyẹn?", màá ní owó fóònù mi ti fẹ́ẹ́ tán.

Kí n má parọ́, ọ̀pọ̀ àwọn tó wà ní kíláàsì náà ni ẹ̀kọ́ yìí kò tinú wọn wá. Òfin ni ẹlòmíràn béèrè, wọ́n fún un ní Sosiọ́lọ́jì. Ẹlòmíràn fẹ́ ṣe oníṣirò owó, wọ́n dà á sọ́dọ̀ wa. Wọn a máa jókòó sẹ́yìn kíláàsì, wọn a máa fajú ro. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ní tèmi. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé gbogbo nǹkan tí mo ti ń fojú rí láti kékeré ló ní orúkọ nínú ìwé. Bí a ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà, orúkọ wà fún un. Bí àwọn ẹbí tó wà ní Èkó àti Ìbàdàn ṣe ń fi nǹkan ránṣẹ́ sílé nígbà Iléyá àti Kérésì, orúkọ wà fún un. Mo wá ń rìn kiri bí ẹni tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ ilé gbogbo aládùúgbò. Bí àwọn èèyàn bá ń jà ní ibùdókọ̀, màá dúró, màá máa wá orúkọ ìjà náà nínú orí mi.

Nígbà tó di ọdún ìkẹyìn, a ní láti ṣe iṣẹ́ ìwádìí. Olùkọ́ tí wọ́n fi mí sí lọ́wọ́ jẹ́ obìnrin kan tí awò ojú rẹ̀ máa ń sọ̀ kalẹ̀ sórí imú, ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Mo sọ fún un pé nípa àáró ni mo fẹ́ kọ. Mo ṣàlàyé fún un pé nílé wa, bàbá mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kì í dá ebè kọ. Gbogbo wọn á jọ lọ sóko ẹnì kan lónìí, wọ́n á lọ sóko ẹlòmíràn ní ọjọ́ mìíràn, títí yóò fi kárí. Ẹni tí wọ́n bá bá ṣe iṣẹ́ ti jẹ àwọn tó kù ní iṣẹ́, kò sì ní sinmi títí yóò fi san án fún olúkúlùkù wọn nínú oko tirẹ̀. Olùkọ́ mi mi orí. Ó ní ó dára, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ kí n lọ jókòó sábẹ́ igi kí n máa bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. "Ẹni tó bá fẹ́ mọ àáró, kó bá wọn ṣe é."

Bí mo ṣe gbé ọkọ́ nìyẹn.

Ẹni márùn-ún ni wọ́n nínú àáró bàbá mi, mi ò ní da gbogbo wọn bo yín lójú. Ẹnì kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé wa gan-an, ẹ̀yìnkùlé wa ló ń gbà jáde sí títì, nítorí náà Bàbá Ẹ̀yìnkùlé ni àwa ọmọ ń pè é láti kékeré. Mùsùlùmí ni, nínú àáró náà òun nìkan ni Mùsùlùmí. Nítorí rẹ̀ wọn kì í fi iṣẹ́ sí ọjọ́ Jímọ̀, nítorí àwọn yòókù wọn kì í fi sí ọjọ́ Ìsinmi. Ó kúrú, ó sì ki pọ́pọ́. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ ebè, kì í gbé orí sókè títí yóò fi dé ìparí poro.

Lọ́jọ́ tí mo dé oko pẹ̀lú ọkọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹnì kan jókòó sílẹ̀. Obìnrin kì í kọ ebè lọ́dọ̀ wa. Obìnrin a máa gbin ẹ̀fọ́, a máa ru iṣu, a máa tà á, ṣùgbọ́n ebè kíkọ, iṣẹ́ ọkùnrin ni. Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín, ojú ń tì í. Ó ní, "Ìwé ni wọ́n ní kó wá kọ, ẹ má dá a lóhùn." Bàbá Ẹ̀yìnkùlé ló fi ibi tí mo máa dúró sí hàn mí. Ó ní, "Ebè ò bi ẹni tó kọ ọ́ bóyá obìnrin ni. Bẹ̀rẹ̀ uṣẹ́ rẹ." Uṣẹ́ ló máa ń wí, kì í pè é ní iṣẹ́, bí gbogbo àgbà ìlú wa.

Ojú mi rí màbo. Kí oòrùn tó mú, ọwọ́ mi ti lé ròrò. Ebè mi rí wọ́gọwọ̀gọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́. Mo kọ ọ́ lóko bàbá mi, mo kọ ọ́ lóko Bàbá Ẹ̀yìnkùlé, mo kọ ọ́ kárí gbogbo wọn, nítorí bí mo bá fo oko kan, bàbá mi yóò rí ohun sọ. Bí ó bá di ọ̀sán, a ó jókòó yí iná iṣu ká. Òfin kan wà níbẹ̀ tí mo rí tí mo sì kọ sínú iṣẹ́ mi: ẹni tó ni oko ni í dá iná, òun ni í fi ọwọ́ ara rẹ̀ ha èèpo jíjóná kúrò lára iṣu, òun náà ni í bù ú fún olúkúlùkù. Ọmọ rẹ̀ ò lè bá a ṣe é, ìyàwó rẹ̀ ò lè bá a ṣe é. Bí onílẹ̀ ò bá tíì ha iṣu fún ọ, o ò tíì kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Lọ́jọ́ tí a ṣe ti ẹni ìkẹyìn tán, a ń jẹ iṣu lọ́wọ́, mo ti ń ronú bí mo ṣe máa padà sí Ọ̀yẹ́ lọ kọ iṣẹ́ mi. Bàbá Ẹ̀yìnkùlé nu ọwọ́, ó wò mí, ó ní, "Ọjọ́ wo wá ni tìrẹ?"

Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Mo ní, "Tèmi kẹ̀, bàbá?"

"Oko rẹ. Níbo la ó ti bá ọ ṣe?"

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Mo ní n kò lóko, kí wọ́n lọ fi ṣe ti bàbá mi. Ó ní, "Èmi àti bàbá rẹ ti yanjú tiwa. Ẹni méjì ló ti ulé yín wá sóko mi." Mo ní ó dára náà, mo ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún wọn, kí wọ́n má jẹ mí ní nǹkan kan mọ́. Àwọn mẹ́ta yòókù dúpẹ́, wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n ní màá rí ọkọ gidi fẹ́. Bàbá Ẹ̀yìnkùlé mi orí. Ó ní, "A kì í fi ẹnu san àáró."

Mo fa ìwé yọ, mo kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kí n má baà gbàgbé. Inú mi dùn bí ẹni rí he. Òun ni mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí mi, òun ni olùkọ́ mi kà sókè níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Wọ́n fún mi ní máàkì tó ga. Ọ̀rọ̀ tí bàbá àgbàlagbà kan bá mi sọ nípa ohun tó jẹ mí, mo gbà á, mo fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ìwé. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ó yẹ kí n dá a lóhùn.

Mo ṣe àgùnbánirọ̀ lókè Ọya, mo lọ sí Ìbàdàn fún oyè kejì, lẹ́yìn náà mo rí iṣẹ́ olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lápá Ìdó. Ẹ̀kọ́ àwùjọ àti ẹ̀kọ́ ọmọnìyàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, títí kan àwọn tó ń kọ́ ìṣirò àti kẹ́mísírì, àwọn tí wọ́n fipá mú láti jókòó gbọ́ mi fún sẹ̀mẹ́sítà kan. Gbogbo ìgbà tí mo bá wá sílé ni Bàbá Ẹ̀yìnkùlé máa ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé wá. Yóò kí mi, yóò béèrè àlàáfíà mi, lẹ́yìn náà yóò ní, "Ṣé o ti rí ilẹ̀?" Màá ní, "Ẹ ò ní pẹ́ gbọ́, bàbá." Lọ́dún Iléyá kan, ó gbé ẹran wá fún ìyá mi, ó ní kí wọ́n bá òun sọ fún ọmọ wọn pé ara òun ṣì le o.

Bàbá mi náà bá mi sọ ọ́. A ti ń sọ̀rọ̀ nígbà náà, àgbà ti ń dé sí i, èmi náà sì ti ń gbọ́n díẹ̀. Ó ní, "Wá ilẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ fún ọ̀rẹ́ mi, jọ̀ọ́. Ó ń dà á láàmú. Ó ní alfa wọn wàásù pé òógùn ẹlòmíràn máa ń wúwo lọ́rùn òkú." Mo ní kí ló dé tí bàbá náà ò lè gbé e kúrò lọ́kàn, ọdún wo la ti ń sọ ọ́. Bàbá mi ní, "Ìwọ lo kọ ìwé nípa rẹ̀."

Ohun tó ń ká mi lára jù nìyí. Ní kíláàsì mi, mo sọ ọ̀rọ̀ Bàbá Ẹ̀yìnkùlé di ìtàn. Lọ́dọọdún, bí a bá ti dé ibi tí a ti ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń fún ara wọn ní nǹkan tí wọ́n sì ń gbà padà, màá sọ fún wọn nípa bàbá kan tó ń lé mi kiri kó lè kọ ebè fún mi. Màá sín ohùn rẹ̀ jẹ. "Ṣé o ti rí ilẹ̀?" Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín títí wọn á fi máa gbá tábìlì. Àwọn tó ń kọ́ kẹ́mísírì pàápàá á jí. Wọn a máa sọ pé kíláàsì mi dùn.

Àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn wọn, bàbá mi náà lọ. Nínú gbogbo àáró yẹn, Bàbá Ẹ̀yìnkùlé nìkan ló ṣẹ́kù. Nígbà tí ẹbí jókòó pín ilẹ̀ bàbá mi, wọ́n fún mi ní ìdá kan nítòsí odò, ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bá mi dù nítorí ó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ilé rẹ̀. Ó ti dínkù. Eékún rẹ̀ ti wú, ọwọ́ òsì rẹ̀ ò sì ṣe déédéé mọ́. Mo ní, "Bàbá, mo ti rí ilẹ̀."

N kò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó fẹ́ dìde lójú ẹsẹ̀. Mo ní kó rọra, pé tí a bá parí ìdánwò níléèwé, màá gba àyè wá, àwa méjèèjì á jọ lọ, yóò fi ọkọ́ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, màá dá iná, màá ha iṣu fún un, ó parí. Lójú mi, mo ti ṣe dáadáa. Ó ní, "Ìgbà wo ni ìdánwò yín?" Mo sọ fún un pé ó ku bí oṣù méjì. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Èmi náà ní ìdánwò tèmi." Mo rò pé àwàdà ni. Mo fi owó díẹ̀ sí i lọ́wọ́, ó dá a padà fún mi.

Ọjọ́bọ̀ kan lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, mo wà ní kíláàsì. Fóònù mi ń gbọ̀n lórí tábìlì, mo rí i pé Bàbá Ẹ̀yìnkùlé ni, mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó tún pè. Mo pa á. Àwọn ọmọ ń wò mí, n kò sì fẹ́ kí wọ́n rò pé olùkọ́ lè gbé fóònù kí àwọn má lè gbé e. Nígbà tí mo jáde tí mo pè é padà, kò gbé e. Mo ní màá tún pè tó bá di alẹ́. Ìpàdé wà lẹ́yìn iṣẹ́, mo sì gbàgbé.

Ìyá mi ló sọ fún mi bó ṣe lọ. Ó ní òun wà lẹ́yìn ilé nígbà tí ọ̀kadà gbé bàbá náà kọjá pẹ̀lú ọkọ́ lórí itan rẹ̀ àti àpótí kékeré kan. Ó tẹ̀ lé e dé ibi ilẹ̀ mi. Ó bá a tó ti jókòó sórí àpótí, ó ń fi ọwọ́ kan fa erùpẹ̀ jọ. Bí ó bá kọ ebè kan tán, yóò sún àpótí síwájú. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Bàbá náà ní òun ti pè mí, n kò gbé e, bóyá mo ti wà lójú ọ̀nà. Nígbà tí oòrùn mú, ìyá mi sáré lọ sun iṣu wá, ó mú epo sí i. Bàbá Ẹ̀yìnkùlé dúpẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Onílẹ̀ ò tíì dé."

Ó kírun Áílà níbẹ̀, ó tún ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó kírun Alásárì. Lẹ́yìn ìyẹn ó jókòó, ó kọjú sí ọ̀nà tí èèyàn máa ń gbà wọ oko. Nígbà tí ọ̀kadà padà wá gbé e, ó ní kí ìyá mi bá òun sọ fún mi pé òun ti san án o, iṣu òun ló kù.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti kú sórí ẹní. Jímọ̀ ni. Wọ́n kírun sí i lára lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n sì sin ín. Àwọn Mùsùlùmí kì í fi òkú falẹ̀. Sátidé ni mo délé. Mo kí àwọn ọmọ rẹ̀, mo sunkún níwájú wọn, wọ́n ń rẹ̀ mí lẹ́kún bí ẹni pé èmi ni mo ṣòfò. Wọn ò mọ ohun tí mò ń sunkún sí.

Mo lọ wo ilẹ̀ náà. Ebè rẹ̀ kò pọ̀, kò sì ga, ó rí wọ́gọwọ̀gọ bíi tèmi lọ́jọ́ kìíní tí mo gbé ọkọ́. Àmì ẹsẹ̀ àpótí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo ti gbin iṣu sínú wọn. Mo máa ń roko ibẹ̀ fúnra mi, n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi kọ kún un.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, a dé ibi ẹ̀kọ́ yẹn, ọmọ kan tó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ṣáájú rẹ̀ nawọ́, ó ní, "Mà, ẹ sọ ti bàbá tó fẹ́ kọ ebè fún yín." Gbogbo wọn ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀ dè mí. Mo ní kí wọ́n ṣí ìwé wọn. Mo kà á fún wọn bó ṣe wà nínú ìwé, àwọn tó wà lẹ́yìn sì sùn.

Ṣùgbọ́n ní Sátidé tí mo wá kí àwọn ọmọ rẹ̀ yẹn, nígbà tí mo ti oko dé, mo wọ ilé ìdáná ìyá mi láti mu omi. Abọ́ kan wà lórí tábìlì tí wọ́n fi àwo dé. Mo ṣí i. Iṣu tó sun fún bàbá náà ni. Ìyá mi kò jẹ ẹ́, kò sì lè dà á nù. Ó ti gan, èèpo tó jóná ṣì wà lára rẹ̀ yíká. Mo mú ọ̀bẹ, mo jókòó sílẹ̀, mo ha á títí ó fi funfun. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí pé ta ni mo fẹ́ bù ú fún.